Òpó Tí Mo Fi Kún Àtẹ Àwọn Oníbàárà

Mò ń gé etí kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé ìtẹ̀wé wa kúrò ní Fola Agoro ní Ṣómólú wá sí Abúlé Òkúta, oníbàárà kankan ò sì tíì yà. Ọ̀gá ti sọ láàárọ̀ pé bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá parí báyẹn, òun á ti ilẹ̀kùn pa, káwa méjèèjì wá iṣẹ́ mìíràn.

"Àǹtí, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn oníbàárà wa lẹ́ẹ̀kan náà," ó ní. Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Ẹ sáà kọ 'Oníbàárà wa ọ̀wọ́n', ó ti tó."

N kì í bá èèyàn jiyàn, mo kàn ń ṣe é bó ṣe yẹ ni. Orúkọ, ímeèlì àti iṣẹ́ kálukú ti wà nínú àtẹ tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi òpó kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn fún ìkíni. Níwájú àwọn onídìrí, mo kọ "Ojú gbooro o". Níwájú àwọn ọlọ́jà, "Ajé á wọ igbá o". Agbẹjọ́rò kan wà ní Palmgrove. Mo ronú títí, n ò rántí pé àwọn baba wa fi ìkíni kankan sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò, ni mo bá kọ "Ẹ kú àròyé".

Kọ̀ǹpútà fa orúkọ àti ìkíni olúkúlùkù sínú lẹ́tà tirẹ̀. Àdírẹ́sì wa tuntun wà nísàlẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ lọ.

N ò tíì mu omi tán tí èsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀gá fa àga sún mọ́ mi. "Ẹ kà á, ẹ kà á!"

Mo kà á fún un. Onídìrí kan ní: "Òòyà á yà o. Ilé ńkọ́?" Ọlọ́jà kan ní: "Àṣẹ o. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Agbẹjọ́rò ní: "Àròyé ò tán o. Ta ló tún pè yín lẹ́jọ́?"

"Ta ló ní òun ń bọ̀?"

"Kò tíì sí."

"Àǹtí mi! Gbogbo Ṣómólú ń kí wa! Ṣé ìkíni la fẹ́ jẹ lálẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ilé, a gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kọ̀ǹpútà ò sì lè bá mi ṣe èyí. Mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ìrọ̀lẹ́: ilé wà, ọmọ wà, Abúlé Òkúta la wà báyìí, ẹ yà kí wa.

Lọ́jọ́ kejì, onídìrí kan tó dàgbà jù mí lọ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá níwájú wa.

"Èwo nínú yín ló kí mi?"

Ọ̀gá na ìka sí mi kíá. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu bó ṣe ń yá mi lọ́wọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà" nìkan ló jáde, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dún.

Ó wò mí, ó há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá.

"Rárá o, àbúrò, ìyẹn kọ́ lo kọ sí mi. Sítíkà ìpara irun ni mo wá tẹ̀, ó sì pọ̀. Àmọ́ wàá kọ́kọ́ fi ẹnu ara ẹ kí mi bí o ṣe kọ ọ́ yẹn, kí n tó ṣí báàgì yìí."