Ajá Tó Dí Ọmọ Mi Lọ́nà

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Igbó-Ọrà, kì í jẹ́ kí àlejò sáré wọlé. Wọ́n á ní, "Ẹ dúró ná, kí ajá mi gbóòórùn yín." Bàbá ajá náà jẹ́ ajá òyìnbó ràgàjì tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé, ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá ìbílẹ̀ láti Tápà.

Wọ́n á tún ní, "Ìyá fún un lọ́gbọ́n, bàbá fún un níṣẹ́."

Lọ́jọ́ kan tí a lọ kí wọn, ajá yìí dùbúlẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìnkùlé, ó dí ọmọ mi ọlọ́dún méjì lọ́nà. Ọmọ bú sẹ́kún, àwọn ará ilé sì gbé òkò.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi pariwo: "Ẹ sọ òkò sílẹ̀! Ẹ wo ẹ̀yìn ajá!"

Kànga tí ẹnìkan gbàgbé láti dé ló wà níbẹ̀. Mo gbé ọmọ mi mọ́ra. Ìyàwó ilé tó gbé òkò tó tóbi jù ló kọ́kọ́ sáré lọ bu ẹran fún ajá.