Ẹmú Ìyá Aláago

"Má mí."

Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Ẹmú tín-ín-rín wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, bátìrì tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ wà lẹ́nu ẹmú náà, fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi sì wà ní lílà lórí tábìlì bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yọ ìfun rẹ̀. Mo di èémí mú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ti kú kí fóònù alágbèéká tó dé ìlú yìí.

Kì í ṣe bátìrì ńlá tó ń gba iná ló kú nínú fóònù náà. Kékeré inú lọ́hùn-ún ni, èyí tó ń bá a rántí ọjọ́ àti aago nígbà tí iná bá tán. Láti ìgbà tó ti kú, fóònù mi ti di arúgbó tó ń ṣarán. Ó mú mi wọ agbádá Jímọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dé mọ́sálásí, àgbò kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, òun náà sì wò mí pé kí ni mo wá ṣe. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà ní, "Bàbá, ẹ jù ú nù, ẹ ra tuntun." Mo ní kó ta bátìrì nìkan fún mi, màá fi í síbẹ̀ fúnra mi. Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ ẹni tó kọ́ ọwọ́ mi.

Ìyá aláago la máa ń pè é ní Agége, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ló ń tún aago ṣe. Nígbà tí ọkọ kú, tí gbogbo àdúgbò ń retí kó ta irinṣẹ́, ó jókòó sórí àpótí ọkọ rẹ̀, ó fi awò aláago bo ojú kan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òórùn kẹrosíìnì tó fi ń fọ eyín aago àti orógbó tó ń jẹ ló máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Aago bí ogún á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí adìyẹ ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Mo lè búra pé ó tún aago kan ṣe tó ti sùn sísàlẹ̀ odò fún ọdún méje, tí ẹja ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹ má gbà mí gbọ́ bí ẹ kò bá fẹ́.

Mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀pà rẹ̀ ni mò ń bá a jẹ. Ṣùgbọ́n bí irin bín-ń-tín kan bá fẹ́ wọ ààyè rẹ̀, á na ẹmú sí mi, torí ojú ọmọdé mú. "Má mí. Èémí rẹ á gbé e lọ."

Aago ńlá kan wà lára ògiri rẹ̀ tí àwọn tó ń lọ síṣẹ́ ní Ìkẹjà fi ń tún ti ọwọ́ wọn tò. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a jiyàn, á ní, "Aago kì í parọ́. Ẹni tó tún un ṣe ló máa ń parọ́."

Bí aago yẹn bá lù lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sàn-án, ilé kéú yá. Lọ́jọ́ kan, mi ò mọ súrà tí áfáà ní ká kọ́ sórí, pàṣán áfáà sì mọ ẹ̀yìn mi dáadáa. Nígbà tí ìyá wà ní balùwẹ̀, mo gun àpótí, mo fi ìka ti ọwọ́ aago padà sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ó jáde wá, ó ti ró ìró tuntun. Ó ní ọmọ òun kan ṣoṣo, tó ń bá rélùweè ṣiṣẹ́ ní Kánò, wá sí Èkó níṣẹ́, wọn ò sì fún un láàyè kó yà sílé. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ló máa bá padà. Ọkọ̀ náà kì í dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ní Agége. Ọdún mẹ́fà nìyẹn tó ti fojú kàn án. Ó ti di gàrí fún un, ó sì ti fi áńkáṣíìfù wé aago ọwọ́ bàbá ọmọ náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, kó lè nà án sí i lójú wíńdò.

Ó jókòó, ó ń wo ògiri. Fèrè ọkọ̀ dún láti apá Ìkẹjà.

Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ ń fọn fèrè o."

"Ti ẹrù nìyẹn. Ṣé o ò rí aago ni? Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Mo la ẹnu. Mo rántí pàṣán. Mo ju ẹ̀pà sí ẹnu tí mo là.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, tí mo ru gàrí tẹ̀lé e, ewúrẹ́ nìkan ló wà lójú irin. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní, "Ìyá, ọkọ̀ Kánò ti lọ. Ọmọkùnrin kan ń yọrí lójú wíńdò, ó ń pe màmá rẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra." Ìyá tú áńkáṣíìfù. Aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá mẹ́rin. Ó wò ó pẹ́. Ó tún un wé.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú aago ògiri yẹn palẹ̀. Kò rí àbùkù kankan, torí àbùkù náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Aago ò parọ́. Ọwọ́ mi ló parọ́. Iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀." Ó kó irinṣẹ́ sínú àpótí, ó na ẹmú sí mi. "Gbà. Tìrẹ kì í gbọ̀n."

Mo gbà á. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Kò tún aago ẹnikẹ́ni ṣe mọ́, ọmọ rẹ̀ kò sì tún gba Agége kọjá títí ìyá fi kú.

Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé mo fi okùn ṣòkòtò dá ọkọ̀ ojú irin dúró ní Agége. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Wọn ò bi mí rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń dá dúró. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni mi ò lè sọ. Ẹmú yìí ni mo ń gbé kiri dípò rẹ̀.

Bátìrì náà wọ ààyè rẹ̀. Mo mí. Mo dé fóònù, mo tàn án. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó ní kí n sọ aago tó lù fún òun.

Èmi ló ń bi.

Mo pe ọmọbìnrin ọmọ mi pé kó wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fi bátìrì tó kéré báyìí sí i, ẹ ò lè rí nọ́ńbà ni, Bàbá?"

Mo ní ojú mi ò ríran mọ́. Irọ́ tún ni.