Ọjọ́ Tí Bàbá Cornelius Lóṣòó Níwájú Pásítọ̀

Títí dòní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Bàbá Cornelius Akíndélé n'Íléṣà, ẹni tó ń mu omi lọ́wọ́ á kọ́kọ́ gbé ife kalẹ̀, kí ẹ̀rín má baà mú omi gba imú jáde. Ohun tí wọ́n á rántí ni ọjọ́ tí bàbá náà, tòun ti agbádá sányán, lóṣòó sáàárín yàrá ìgbìmọ̀ ìjọ kan l'Óṣogbo, tó ní òun ò dìde àfi tí wọ́n bá gba ọmọ àbúrò òun síṣẹ́.

"Bàbá, ibí yìí kì í ṣe ọjà o!" Pásítọ̀ Ọdúntán, alága ìgbìmọ̀, fẹjú.

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn láti ilẹ̀. "Ká ní ọjà ni, ẹ̀yin náà ì bá ti lóṣòó tì mí, ká lè sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí."

Ìwàlẹwà, ọmọ àbúrò tí à ń wí, jókòó sórí àga níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu àpò. Ó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Kò kàn tíì mọ̀ bóyá òun ni kó gbé mì ni, àbí Bàbá.

Ẹ má bá Bàbá wí, ọmọ òṣómàáló ni. Aṣọ ni baba tó bí i ń tà láwìn káàkiri. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ san, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò lóṣòó sí títí owó á fi jáde. Bàbá Cornelius ò tajà àwìn rí, ṣùgbọ́n ó jogún ìlóṣòó náà. Òun ló fi fẹ́ ìyàwó. Àgbàlá àwọn àna rẹ̀ ló lóṣòó sí láti àárọ̀, àfìgbà tí wọ́n ní kó kúkú máa mú ọmọ lọ, kí àwọn lè rí ilẹ̀ gbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ara Ìwàlẹwà ò balẹ̀ rárá. Iṣẹ́ náà wù ú dé ọkàn: kó máa mú ìhìnrere tọ àwọn awakọ̀ àti ọlọ́jà Old Garage l'Óṣogbo lọ. Àmọ́ ó ti gbọ́ pé ọkùnrin ni ìgbìmọ̀ ń wá, wọ́n ní obìnrin ò lè kojú àwọn ọmọ gáréèjì. Tó bá tún wá pẹ́ dé, ó parí nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n wọ ọkọ̀ èrò."

"Kí Sùúrù wà nílẹ̀?"

Sùúrù lorúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa nílò nìyẹn.

Wọn ò tíì jìnnà tí Bàbá fi tẹ bíréèkì, ó ń ná iṣu lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ná an títí ojú oníṣu fi pọ́n. Nígbà tí ìyẹn gbà, Bàbá kí i, ó padà wọ ọkọ̀.

"Iṣu ńkọ́, Bàbá?"

"Ta ló fẹ́ jẹ iṣu? Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó máa já sí ni."

"Háà! Wọ́n ń retí mi o!"

"Jẹ́ kí wọ́n retí. Ọjà tó bá sáré dé, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń rà á."

Oríta Old Garage gan-an ni Sùúrù kú sí, ó dí ọ̀nà pa. Kí Ìwàlẹwà tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ gáréèjì ti pagbo yí wọn ká. Lùkúmọ̀n, ọ̀gá wọn, fọwọ́ gbá orí Sùúrù.

"Bàbá, ẹ gbé pósí yìí kúrò lójú ọ̀nà!"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ká agbádá léjìká, ó lóṣòó. "Mi ò dìde àfi tẹ́ ẹ bá bá mi tì í."

Lùkúmọ̀n bojú wẹ̀yìn. "Ṣé èmi ni wọ́n ń lóṣòó fún ni?"

"Bọ̀dá, ẹ ṣàánú mi," Ìwàlẹwà ké. "Ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀ọ́kán yẹn là ń lọ."

"Ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Mùsùlùmí ni mí o, Àǹtí."

"Ọkọ̀ yìí ò ní ẹ̀sìn, Bọ̀dá. Ẹ kàn bá wa tì í."

Lùkúmọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ti Sùúrù wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn tariwo-tariwo, Ìwàlẹwà di sítíárì mú, Bàbá sì ń ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn bí ọlọ́pàá ojú pópó. Ìgbìmọ̀ yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni ẹnìkan ké, ó sì ti fèrèsé.

Ìgbà tí ìgbìmọ̀ wá ní ọkùnrin làwọn ń wá lóòótọ́ ni Bàbá, tó ti tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wọlé, lóṣòó. Kí Pásítọ̀ tó pe ẹni tó máa gbé e dìde, Lùkúmọ̀n àtàwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń wá omi mu, yọ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí Bàbá nílẹ̀. Wọn ò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn lóṣòó lẹ́ẹ̀kan náà.

Gègé bọ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe àwọn èèyàn yìí, kò sẹ́ni tó tẹsẹ̀ bọ ọgbà rí. "Arábìnrin, kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n bá wa ti ọkọ̀ ni, sà."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti gba iṣẹ́."

Bàbá ò mira. "Ó ku ilé tó máa gbé." Ilé tí Ìwàlẹwà ń gbé l'Ọ́fàtẹ̀dó dòní, ìlóṣòó ló kọ́ ọ.

Nígbà tí Bàbá wá papòdà, Lùkúmọ̀n kó àwọn awakọ̀ wá s'Íléṣà. Bí wọ́n ṣe gbé pósí sísàlẹ̀, ó jáde láàárín èrò, ó lóṣòó sétí kòtò. "Bàbá, a ò dìde o, àfi tẹ́ ẹ bá dá wa lóhùn!"

Ìwàlẹwà àtàwọn awakọ̀ náà lóṣòó tì í. Ẹ̀rín sọ, Pásítọ̀ Ọdúntán pàápàá fi Bíbélì bojú. Wọ́n ń retí. Bàbá, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná ọjà kóun má fèsì, kò fèsì. Ni wọ́n bá ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn yẹ̀pẹ̀ nù.

Ó ku Ìwàlẹwà nìkan nílẹ̀. Lùkúmọ̀n fọwọ́ kàn án léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àǹtí, ó tó. Ẹ dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá," ló wí. "Ẹ jẹ́ n tún ná an díẹ̀ sí i."