Nọ́ńbà Etí Pátákó Ike

Ní àwọn ọdún tí ìjọ tuntun ń yọ bí olú láti Ṣàngó dé Ìjù, tí àwọn yunifásítì náà ń wá ẹni tí yóò gé orúkọ wọn sára ike, iṣẹ́ kì í wọ́n wa. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Toll Gate. Òun ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń kọ ìlànà tí ẹ̀rọ tó ń gé ike yóò tẹ̀ lé. Èmi ló ń gbé pátákó ike sórí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí ó fi kú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé Ìlọrin, pé kó máa kọ ìlànà náà ránṣẹ́. N kò rí i sójú rí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wa ni púlípítì onike tó mọ́ gaara, tí ìjọ kan fẹ́ yà sí mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Pátákó méjì ni mo rà fún un, bóyá ọ̀kan lè bàjẹ́. Ẹyọ kan tún wà nílẹ̀ látìgbà ayé ìyàwó mi, tí n kò fẹ́ fọwọ́ kàn.

Mo gé ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ púlípítì ń mì nínú ihò rẹ̀ bí eyín arúgbó. Mo gé ìkejì, bákan náà ni. Mo pe Ìlọrin.

“Dádì, ìlànà mi ò ní àṣìṣe o. Ẹ ní mìlímítà mẹ́wàá ni ike náà nípọn, òun ni mo fi ṣe ihò rẹ̀.”

“Mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára bébà tó bò ó.”

“Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?”

“Ṣé àwọn tó ṣe é wá ń purọ́ ni?”

“Èmi ò sí níbẹ̀, sà. Ojú yín ni mo fi ń ríran.”

Mo pa fóònù. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ike mi rí!

Ní ọjọ́ Ẹtì, díákónì ìjọ náà wá wò ó. Ó fọwọ́ tì í, ó mì.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí pásítọ̀ bá ń wàásù, ká fi ẹnìkan síbẹ̀ tí yóò máa dì í mú ni?”

Nígbà tó lọ, mo fa pátákó ìyàwó mi jáde. Ní etí bébà rẹ̀ ni mo rí i, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́: 9.4. Mo lọ wo àwọn àgékù ike àtijọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ. 9.6. 9.3. Nọ́ńbà wà lára gbogbo wọn. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ ṣiṣẹ́ ni mo máa ń rí ìyàwó mi tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí pátákó kí ó tó kọ ohunkóhun. Mo rò pé ó ń sinmi ni.

Mo pe Ìlọrin, mo ka nọ́ńbà ara pátákó náà sí etí ọmọkùnrin náà.

“Háà! Ta ló wọ̀n ọ́n, sà?”

“Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ bá mi kí wọn. Ọwọ́ wọn mọ́ o.”

Mo ní ó ṣeun.

Ó tún ìlànà náà kọ, mo sì fi gé pátákó ìyàwó mi. Ẹsẹ̀ púlípítì wọlé ṣinṣin. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi gbá a wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n ń yà á sí mímọ́, n kò lọ. Mo mú irin ìwọ̀n ìyàwó mi nínú dúrọ́ọ̀, mo ń wọn àwọn àgékù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ti ṣì wọ̀n. N kò rí.