Kẹ̀kẹ́ Tuntun Tó Há Mọ́ Ọ̀nà Ìgbẹ̀in

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn máa yin ohun tuntun kí ó tó lò ó. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ọkọ mi rà, irú èyí tí ẹṣin ń fà nílùú òyìnbó, gbogbo àdúgbò Ìgbẹ̀in ti kí i kú oríire lórí rẹ̀ kí ó tó yí rárá. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò ní fi ọ̀wọ̀ kankan sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ náà.

Ọmọ Sàró ni ọkọ mi. Wọ́n kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú nígbà ogun, ọkọ̀ àwọn òyìnbó gbà á lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Nígbà tí bàbá náà kú, òun àti ìyá rẹ̀ padà wá sí Abẹ́òkúta, sí ilé àwọn ẹbí ìyá náà ní Ìgbẹ̀in, ó ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń fi í ránṣẹ́ sí Èkó. Ilé àgbẹ̀ ni tèmi. Oko bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, ilé wa ní ìgboro wà ní Òwu, òrìṣà ilé wa sì wà ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti wà kí n tó dáyé. Èmi nìkan ni wọ́n gbà fún pé kí n lọ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù, ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí sì ti rí mi.

Wọn ò fẹ́ ẹ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ olórí gbogbo obìnrin ilé, ni kò fẹ́ ẹ jù. Ó ní ọmọ tí wọ́n bí sí òdìkejì omi kò ní agboolé bàbá, pé ta ni a máa fi ọ̀rọ̀ lọ̀ tí ó bá lù mí? Mo sunkún, mo kọ oúnjẹ, mo sì kó lọ sí oko láti lọ yọ bàbá mi lẹ́nu títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá mi gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Ó ní tí àwọn àgbà tó ti lọ bá kọ ìgbéyàwó náà, àwọn fúnra wọn á dí ọ̀nà mọ́ mi, kò ní jẹ́ ẹjọ́ òun.

Ohun tó ní lọ́kàn yé mi dáadáa. Nílé wa, tí wọ́n bá ti sin ìyàwó jáde lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀, kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbọdọ̀ dé ilé ọkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni wọ́n á ti bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Títí omi yẹn yóò fi kàn án lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ọmọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́, kò sì tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Tí ilẹ̀ bá ṣú bá a lọ́nà, ìgbéyàwó dúró, àwọn àgbà á jókòó wádìí ohun tó fà á. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ilé wa máa rí tí wọ́n bá wádìí.

Àwọn ìyá wa fi ẹsẹ̀ rìn lọ ilé ọkọ ni, kò sì sí ẹni tó ní ìṣòro. Ọkọ mi ló ní ìyàwó òun kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ eruku. Ó ránṣẹ́ sí òkè òkun, kẹ̀kẹ́ náà dé sí Èkó, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e gba odò Ògùn wá sí èbúté Aró, ní wẹ́wẹ́ nínú àpótí. Àwọn ọkùnrin ru ú wọ ìlú, káfíńtà kan tó ti gbé Sàró rí sì tò ó pọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ ni mo máa gùn, ó ronú díẹ̀, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gun nǹkan lọ ilé ọkọ, ilé ọkọ ló gbọdọ̀ sọ̀ sí. Tí ó bá sọ̀ sójú ọ̀nà, ọ̀nà ló fẹ́ ẹ. Gbogbo obìnrin ilé ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni pé láti ayébáyé ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní Òwu.

Wọ́n ti so wá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ilé wa ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, wọ́n sì mú mi padà sílé de ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn rọ̀, kẹ̀kẹ́ dé. Ó dúdú, ó ń dán débi pé àwọn ọmọdé ń wo eyín wọn lára rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, òrùlé awọ, àti fèrèsé kékeré méjì tí wọ́n ta aṣọ sí. Kò sí ẹṣin kankan nílùú tó máa gbà kí wọ́n so irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ òun lẹ́yìn, nítorí náà àwọn ọkùnrin ilé ọkọ mi ló ń fà á. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá. Ó ní kò sí ẹni tí òun lè fi kẹ̀kẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àwọn ìyàwó ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e láti wá sìn mí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì kó àwọn obìnrin tiwa sẹ́yìn.

Wọ́n da aṣọ bò mí lórí, wọ́n gbé mi wọ inú kẹ̀kẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbéra, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi aṣọ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Mo ti borí gbogbo wọn. Lẹ́yìn tí a kọjá ọjà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí ké lábẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wá ń han bí ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti gba àárín àpáta sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìgbẹ̀in, ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ iwájú kọ̀, kò yí mọ́. Àwọn yòókù ṣì ń yí, nítorí náà kẹ̀kẹ́ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì há sí àárín àpáta méjì. Wọ́n tì í síwájú, kò lọ. Wọ́n fà á sẹ́yìn, kò bọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì jókòó sínú àpótí awọ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́ Abẹ́òkúta, pẹ̀lú aṣọ òfì lára àti aṣọ mìíràn lórí, kò lè mọ ohun tí mo ń sọ. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Àpáta dí fèrèsé kan pátápátá, láti inú èkejì ni mo ti ń rí ìdajì ayé. Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Àwọn kan gun orí àpáta láti wò mí dáadáa, wọ́n ń jiyàn bóyá mo ń sunkún. Mi ò sunkún o. Ẹ̀rù ló ń bà mí, nítorí ojú òjìji àpáta ni mò ń wò, ó sì ń gùn.

Ọkọ mi bọ́ fìlà gíga rẹ̀, ó wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tú ìdérí irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ tó kọ̀ náà. Nígbà tí ó fa ọwọ́ yọ, ọwọ́ náà pupa. Ó rò pé òun ti gé ara òun, ó ń wá ojú ọgbẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé rẹ̀ ló là á lọ́yẹ̀, tayọ̀tayọ̀.

"Osùn ni. Ìyá ló ní ká kùn ún. Ìdọ̀tí dúdú kan ló kún inú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, Ìyá ní ìyàwó òun ò lè gun ohun tó dọ̀tí. A fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, a wá fi osùn kun gbogbo ẹ̀."

Ọ̀rá ni ìdọ̀tí dúdú náà. Òun ni wọ́n fi sí ibi tí irin ti ń ha irin, kí ẹsẹ̀ lè máa yọ̀ yí. Ìyá ọkọ mi ti fọ̀ ọ́ dànù, ó sì ti fi ohun tí a fi ń kun ẹsẹ̀ ìyàwó àti ìyá ọmọ tuntun rọ́pò rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ dùn, nítorí ohun tuntun kì í wọlé fún ìgbéyàwó láìkun osùn. Osùn náà ti gbẹ, ó ti gan mọ́ irin bí amọ̀ tí iná jó. Ọkọ mi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ta ló máa bá ìyá rẹ̀ jà lórí osùn?

Ó ní kí wọ́n wá epo pupa wá. Wọ́n mú un wá, ó ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀, epo náà ń ṣàn jáde sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi òkúta lu ẹsẹ̀ náà kí ó lè mì, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi aṣọ wé òkúta kí ó má baà ha ọ̀dà rẹ̀. Wọ́n ń fi òkúta aláṣọ lù ú jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lu ọmọ lẹ́yìn kó sùn. Mo wà nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìdí mi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin tó ń fà á mú àbá kan wá. Wọ́n ní àwọn làwọn ru kẹ̀kẹ́ yìí láti Aró, kò wúwo jù fún àwọn. Kí wọ́n yọ ọ̀pá iwájú rẹ̀, kí wọ́n gbé e tòun tèmi sórí, kí wọ́n sì gbé wa dé Ìgbẹ̀in. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní ta ló rí i rí kí ènìyàn máa ru ohun tó yẹ kí ó ru ènìyàn? Ó ní gbogbo ìlú ló ń wò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ní àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ní etí ti gbọ́. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ mi ní kí ó má ríran ibi sí àwọn, pé tí ó bá dá a lójú bẹ́ẹ̀, kí ó mú ọmọ rẹ̀ padà. Ó ní òun ò lè mú un padà, òun ti fà á lé wọn lọ́wọ́, àwọn ni kí wọ́n mú ìyàwó wọn lọ. Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ kan ẹni tí àwọn ò tíì fọ ẹsẹ̀ fún. Báyìí ni wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ mi síra wọn lójú fèrèsé, tí èmi sì jókòó sí àárín wọn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè wà láàárín ìlú rẹ̀, ní ojúmọmọ, kí ó má sí ẹni tó ni ín.

Nígbà tí òjìji àpáta kan ojúgun àwọn tó dúró ní òdìkejì ọ̀nà, mo pe ọkọ mi. Ó wá sí ojú fèrèsé, epo wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e."

"Ṣe sùúrù. Ó kù díẹ̀ kó yí."

"Tí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́?"

"Kò ní ṣú."

Bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ni ó rí ibi tí àpáta ti ha ilẹ̀kùn. Ó fi itọ́ sí ìka, ó ń fi nu ojú ibẹ̀. Kò wo ojú mi mọ́. Ó tẹ̀ ba, ó padà sábẹ́ kẹ̀kẹ́.

Ilẹ̀kùn yẹn kò ní àgádágodo. Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí a ti há síbẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní. Mo na ọwọ́ jáde, mo ṣí i dé ibi tí àpáta jẹ́ kó ṣí dé, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Tí ọ̀nà bá ti fẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ó sìn mí délé ọkọ."

Mo dìde, mo ń lọ. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ mi dúró wo ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n sáré tẹ̀ lé mi. Orin bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ẹnì kan, àwọn yòókù gbà á. Ìyàwó kì í wẹ̀yìn, mi ò sì wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi nìkan ló wọ bàtà òyìnbó nínú gbogbo wa, bàtà náà máa ń dún kò-kò lórí àpáta, mo sì ń tẹ́tí sí i. Mo tẹ́tí títí a fi sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo tẹ́tí títí a fi rí ilé, kò dún.

Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bu omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ó rí eruku tó wà níbẹ̀, kò bi mí léèrè rẹ̀, ó fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó béèrè ọmọ rẹ̀, mo ní ó wà lọ́dọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ kì í sí nílé tí ìyàwó bá ń wọlé, bí ó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Gbogbo wọn ní bí ó ṣe yẹ ni, inú wọn sì dùn pé ọmọ Sàró náà rántí àṣà.

Wọ́n mú mi wọ yàrá, wọ́n fi mí jókòó sórí ẹní. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ bàtà náà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgúnpá, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ó ti ń yí."

Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Mo dúró kí ó bi mí bí mo ṣe dé ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún mi bí epo ṣe wọlé nígbẹ̀yìn, àti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ó mì. Ó jókòó tì mí, ó ń fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Mo wo ilẹ̀kùn yàrá náà. Òun náà kò ní àgádágodo, ṣùgbọ́n ibi tí mo sunkún láti dé ni mo dé yìí, kò sì sí ibòmíràn tí mo lè sọ̀ sí.