Mọ́tò Tí Kì Í Tètè Jí

Bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ bá Jeremiah ní Kankon, kò sí àìsàn tó lè máa ṣe mọ́tò náà tí kò ní di ẹ̀bi rẹ̀ ru iyọ̀. Iná iwájú kò tàn? Iyọ̀ ni. Ilẹ̀kùn ń ké? Iyọ̀ ni. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ wọ Àgbádárìgì kò mọ mọ́tò olówó yàtọ̀ sí ti tálákà, irin gbogbo ló ń jẹ, Jeremiah sì ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá a jà lábẹ́ igi àgbọn méjì létí títì. Ọmọ Ègùn ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, alágídí paraku. Ẹni tó bá ní kò mọṣẹ́, bí ìgbà tó bú baba rẹ̀ ni.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyáàfin Gbémisọ́lá Ọláwọlé gbé mọ́tò wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, tó ní kì í tètè jí láàárọ̀ mọ́, Jeremiah kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Iyọ̀ ni, Mà."

Ó mọ mọ́tò yẹn bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú rẹ̀ fún ọkọ obìnrin yìí, ará Èkìtì kan báyìí, oníwà pẹ̀lẹ́, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni bàbá náà kú, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní iléèwé kan lọ́nà Ìjanikin ló wá ń wa mọ́tò náà. Ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, bàbá kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ pé mọ́tò òun kì í tètè jí.

Jeremiah fọ orí bátìrì, ó pààrọ̀ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó ní kí Ìyá máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá tún dé.

"Kò yàtọ̀. Ó ń ṣe kìrìkìrìkìrì, ó ń ṣe kìrìkìrìkìrì, mo rò pé bátìrì máa kú kó tó jí."

"Ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn lọ́dọ̀ mi."

Mọ́tò sùn sábẹ́ igi àgbọn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìrì ṣì wà lójú gíláàsì nígbà tí Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Jeremiah jókòó, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣáná sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹ́ńjìnì jí bí ẹni tí kò sùn rí. Ìyá wo mọ́tò, ó wo Jeremiah, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wa mọ́tò lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù dún.

"Ọ̀gá Jeremiah, ó tún ṣe é."

Ọ̀rọ̀ wá di ẹja-n-bákàn. Mọ́tò tó ń jí fún mẹkáníìkì tí kì í jí fún ẹni tó ni ín, irú àìsàn wo nìyẹn? Ó ti tẹ́tí sí pọ́ńpù epo lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń kùn dáadáa. Ó ti tú wáyà, ó ti dì í padà. Iyọ̀ pàápàá kò lè mọ ojú èèyàn kó tó jẹ irin. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti tojú sú u ni ọ̀rọ̀ kan ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú o. Àbí ọwọ́ yín ni?"

Ohùn Ìyá le.

"Ọwọ́ mi? Ó dáa. Lọ́la, bí mo bá ti jáde níléèwé, mo ń gbé e lọ fún Rewájú, mẹkáníìkì tó wà ní Ìjanikin. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ mọ́tò tó máa fi sọ ohun tó ń ṣe é."

Jeremiah kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu Ìyá ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ń wò, bó bá lọ, gbogbo wọn ló máa bá a lọ. Ìyẹn dùn ún, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an ni pé bóyá òun gan-an ni kò mọṣẹ́ mọ́. Bóyá ó ti pẹ́ tí òun ti ń pariwo iyọ̀ kiri, tí àwọn èèyàn ń fi ojú àánú wo òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí Ìyá tó jáde nílé, Jeremiah ti dúró sẹ́nu géètì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n jókòó tì yín, Mà. Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ṣáná sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ìyá jókòó, ojú rẹ̀ le. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Kìrìkìrìkìrìkìrì... ó ń bá a lọ títí, kó tó wá wúkọ́ kó jí.

"Máwù!" ni Jeremiah fi èdè Ègùn ké pe Ọlọ́run, bí ẹni tó rí owó he. "Mà, ẹ ò dúró!"

"Kí n dúró de kí ni?"

Jeremiah wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣáná sí mọ́tò láì kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn iná kéékèèké iwájú awakọ̀ tàn kó kà wọ́n tán, nítorí mọ́tò ń sọ ibi tó ń dùn ún. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá sì ń ka iná lọ́wọ́, pọ́ńpù ń kùn, ó ń ti epo lọ síwájú.

"Epo ló ń sá padà sínú táńkì lóru, Mà. Pọ́ńpù yẹn kò lè dì í mú mọ́. Èmi máa ń dúró kó rí epo fà wá, ẹ̀yin kì í dúró. Kì í ṣe iyọ̀. Mo sì ní ọwọ́ yín ni. Ẹ foríjì mí." Ó tún họ orí. "Ohun tí kò yé mi ni pé, àìsàn yìí kò lè jẹ́ ti àná. Kí ló dé tí Bàbá kò sọ fún mi rí?"

Ìyá na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ó pa mọ́tò náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

"Ó máa ń gbàdúrà. Á yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná á tàn, á wá di ojú. 'Bàbá, mú wa lọ, mú wa bọ̀.' Ní gbogbo àárọ̀ ayé, kì í kánjú. Èmi á máa wo aago, màá ní kó lọ gbàdúrà rẹ̀ nínú ilé, pé Ọlọ́run kì í ṣe adití." Ó fi ìka nu ojú. "Láti ìgbà tó ti kú, mi ò gbàdúrà nínú mọ́tò yìí. Kí ni mo tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún? Ọwọ́ mi náà ni, Ọ̀gá Jeremiah."

Jeremiah wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ṣé bàbá mọ̀ nípa pọ́ńpù ni, àbí àdúrà lásán ló ń gbà? Kò sí ẹni tó máa dáhùn ìyẹn fún un láéláé.

Ìyá kò lọ sọ́dọ̀ Rewájú mọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Jeremiah ki pọ́ńpù tuntun bọ mọ́tò náà, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó tún lọ síbẹ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò.

"Ẹ yí i dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, Mà. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa dúró mọ́."

"Mo gbọ́," ni Ìyá wí.

Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Iná pupa tàn, ti òféfèé tàn, pọ́ńpù tuntun kùn, ó dákẹ́. Ọwọ́ Ìyá wà lórí kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, kò yí i. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, Jeremiah kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ni àbí ẹkún. Kò mọ̀ bóyá kí òun kúrò níbẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú sáyà, ó ń dúró de ìgbà tó yẹ kí òun ṣe àmín.