Bọ̀dá Láyí, Alárenà Yunifásítì

Rárá o, wọn ò lé Bọ̀dá Láyí níbi iṣẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá kàn pè wọ́n wọ ọ́fíìsì ni, Sẹ̀gilọlá ló sì fà á.

Lọ́jọ́ náà, Sẹ̀gilọlá pọn ọmọ oṣù mẹ́rin, ó wọ yunifásítì aládàáni kan ní Dallas, ó lóun fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ Bọ̀dá Láyí níbẹ̀ ni kí wọ́n máa gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kí wọ́n sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Bírò ti wà lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá tó fẹ́ buwọ́ lùwé nígbà tí Bọ̀dá Láyí ní kó dúró ná.

"Ta ló mọ̀ nílé pé o ń bọ̀ níbí?"

Ó ní ọkọ òun mọ̀. Wọ́n ní ọkọ kọ́ làwọn ń bèèrè. Àfi kó pe ìyá ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Màmá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa yunifásítì, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fọmọ fún ilé kan, ṣe ló máa kọ́kọ́ wádìí ilé náà. Tọ́mọ òun bá kàwé ọ̀hún tán, ta ló máa gbà á síṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bọ̀dá Láyí lára. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n pe àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́nsì. Àjọ ní àwọn ò tíì fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà. Ẹni tó bá ṣe é tán ò lè ṣe ìdánwò àwọn. Bọ̀dá Láyí rọra gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀.

"Yunifásítì yìí, ọkọ tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, Sẹ̀gi. Má fẹ́ ẹ."

Wọ́n júwe kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba fún un, wọ́n sì sìn ín dédìí mọ́tò.

Inú bí Timothy, ọ̀gá wọn. Bọ̀dá Láyí ṣàlàyé fún un pé nílé àwọn, alárenà tó bá mọ àbùkù ọkọ tó sì dákẹ́, kò ní lè gba àdúgbò ìyàwó kọjá mọ́. Timothy ní ẹ̀yìn ta ni wọ́n tiẹ̀ wà gan-an.

"Ẹ̀yìn ìyàwó ni mo wà," ni Bọ̀dá Láyí wí. "Ọkọ ló kàn ń sanwó iṣẹ́ mi."

Wọn ò ṣá lé wọn. Gbogbo ẹni tí wọ́n dá padà ló ń rán ẹlòmíì wá. Tí Bọ̀dá Láyí bá ti lè sọ pé kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà dáa, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń buwọ́ lùwé.

Ti fóònù ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ilé-ìwé ní kí wọ́n máa lò fún ẹnì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Waleed pè láti Vickery Meadow, àdúgbò kan ní Dallas, pé òun gbàgbé password òun. Bọ̀dá Láyí kí i, wọ́n kí ìyàwó, wọ́n kí ìyá tí làkúrègbé ń dà láàmú. Lẹ́yìn wákàtí kan, Waleed ti mọ òróró tó yẹ kó fi máa pa orúnkún ìyá ẹ̀. Password ò tíì yọjú.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá máa fi kàwé tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, tí láísẹ́nsì ẹ̀ dé, àìsàn ti dá Bọ̀dá Láyí dúbúlẹ̀ nílé wọn ní Rowlett. Sẹ̀gilọlá tẹ láísẹ́nsì náà jáde sórí bébà, ó gbé ọmọ sí mọ́tò, ó ń to ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lẹ́nu lórí freeway. Kò rí i sọ. Bó ṣe wọlé ni Bọ̀dá Láyí nawọ́ gba bébà. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n tún kà á. Oorun gbé wọn lọ báyẹn, bébà lórí àyà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n kú, àmọ́ ta ló mọ̀? Sẹ̀gilọlá rọra fa bébà. Wọ́n dì í mú.

Láti kíṣìnnì, Àǹtí Túndùn ìyàwó wọn yọjú.

"Fi sílẹ̀ fún wọn, Sẹ̀gi. Mú ọmọ yẹn dání, ẹ wá jẹun."